Ìwọ̀n Ńlá Ọ̀gá Haverstock

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí ọkùnrin yìí dáadáa kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, torí bí a kò bá kí i, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni Lorne Haverstock. Òun ni ọ̀gá ibùdó ìwọ̀n Alder Siding, níbi tí gbogbo tírélà tó bá ti North Dakota ní Amẹ́ríkà kọjá ibodè wọ Manitoba gbọ́dọ̀ yà sí kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ kò ju kó wò ó bóyá ẹrù ọkọ̀ wúwo ju ohun tí títì lè gbà, kó sì jẹ́ kí awakọ̀ máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo Ọ̀gá Haverstock bó ṣe ń jáde láàárọ̀: bàtà dídán, fìlà tí wọ́n fi okùn wúrà ayédèrú gbá létí, kóòtù tí bọ́tìnnì tò sí láyà, àti ikùn tó ń ti àwọn bọ́tìnnì náà síta. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé òun ló dá Manitoba sílẹ̀, tó kàn yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwa yòókù ká máa gbé ibẹ̀.

Ibùdó náà kò tóbi rárá. Yàrá kan ni, fèrèsé kan, pẹpẹ irin gbọọrọ kan tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àti ẹ̀rọ kófí kan tó máa ń wúkọ́ kó tó pọn omi. Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: Ọ̀gá fúnra rẹ̀ àti igbákejì rẹ̀, Odette Carrière, obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń wọn ọkọ̀. Ẹ óò bi mí pé kí wá ni Ọ̀gá ń ṣe. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ ni.

Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, á jókòó ti rédíò tí àwọn awakọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, á máa kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó ti ṣòfin pé ọkọ̀ tó bá dé orí ìwọ̀n, kí awakọ̀ sọ wíńdò kalẹ̀, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó, kó yọ fìlà, kó sì wí pé: “Lábẹ́ ojú yín la wà, Ọ̀gá, ẹ wọ̀n wá.” Ẹ̀yin tí ẹ mọ òtútù oṣù Ṣẹ́rẹ́ ní Manitoba, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá yọ fìlà lójú ibẹ̀ lè fẹ́ fi etí rẹ̀ ṣe sàráà. Wọ́n ń yọ ọ́ ṣá. Aláṣẹ kì í pẹ́ rí ẹni tí yóò kí i. Réal tó ń ta kófí ní òdìkejì títì tilẹ̀ sọ dónọ́ọ̀tì kan lórúkọ Haverstock. Inú Ọ̀gá dùn gan-an, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi jẹ́ èyí tí àárín rẹ̀ ṣófo ni wọ́n fún lórúkọ òun.

Nígbà òtútù ọdún kan, Sukhwant Dhaliwal gbé ọsàn wọlé láti Amẹ́ríkà. Sukhwant jẹ́ ẹlẹ́sìn Sikh láti Winnipeg, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sì ní àbààwọ́n kankan lórí láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ó yọ orí láti wíńdò, ó sọ̀rọ̀ ìkíni, ó ní kí wọ́n dárí jì í ní ti fìlà torí láwàní ẹ̀sìn òun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yọ. Ọ̀gá Haverstock dárí jì í. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

“Kí ló wà lórí tírélà rẹ yẹn?”

“Ọsàn ni, ọ̀gá.”

“Ti inú rẹ̀ kọ́ ni mo bi ọ́. Òkè ni mo ní. Kí ló funfun báyẹn?”

“Yìnyín ni, ọ̀gá.”

“Níbo ló ti já bọ́ sí i?”

“Láti ọ̀run ni, ọ̀gá.”

“Ọ̀run orílẹ̀-èdè wo?”

Sukhwant wo Odette lójú fèrèsé. Odette wo ilẹ̀. Sukhwant ní ó ní láti jẹ́ ọ̀run Amẹ́ríkà, torí láti Grand Forks ló ti ń rọ̀.

“Ẹ gbọ́ nǹkan tó wí bí?” Ọ̀gá Haverstock ti gbé rédíò, kí gbogbo ayé lè gbọ́. “Ọkùnrin yìí fi yìnyín òkèèrè wọ ilẹ̀ wa láìsọ fún ẹnikẹ́ni! Ẹ fetí sílẹ̀, gbogbo ẹ̀yin awakọ̀. Ohunkóhun tó bá wà lórí ọkọ̀, ẹrù ni. Bó bá ti ọ̀run wá, ẹrù ni. Bó bá gun orí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹrù ni!”

Kí n má purọ́ mọ́ ọn: gbogbo awakọ̀ tó mọṣẹ́ ló ń gbá yìnyín kúrò lórí tírélà, kó má baà já lu ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni pé Ọ̀gá Haverstock ní kí wọ́n kó yìnyín náà sínú garawa, kí wọ́n gbé e padà lọ sí ẹnubodè. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà rí Sukhwant àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Abe Wiebe, pẹ̀lú garawa lọ́wọ́.

“Kí lẹ kó síbẹ̀?”

“Yìnyín yín ni,” ni Abe wí. Abe jẹ́ àgbà awakọ̀ láti abúlé àwọn ẹlẹ́sìn Mennonite, ẹni tó lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí eyín tirẹ̀ hàn. “Ọ̀gá Haverstock ní ẹ gbàgbé rẹ̀ sórí ọkọ̀ wa.”

Àwọn aṣọ́bodè rẹ́rìn-ín títí tí kófí fi dà sí wọn láṣọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wọ ibodè, wọ́n á bi í pé ṣé kò ní yìnyín kankan lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé aṣiwèrè ni Ọ̀gá. Ó ní ohun tó ń wá. Ìjọba fẹ́ yan Kọmíṣọ́nà kan tí yóò jẹ́ olórí gbogbo ibùdó ìwọ̀n tó wà ní Manitoba, ẹni tí yóò jókòó sí Winnipeg nínú ọ́fíìsì tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípọn. Ọmọ ọgọ́ta ọdún ku díẹ̀ ni Haverstock. Bí kò bá rí ipò yìí gbà, a jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ irin yẹn ni yóò ti dàgbà, tí wọn yóò fún un ní aago ọwọ́, tí wọn yóò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀rù gbígbàgbé yìí ń bà á. Ní òru míràn, á jí, á máa wo àjà. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè ṣàánú rẹ̀ díẹ̀, torí kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó gbọ́ pé Mínísítà tó ń bójú tó òpópónà, Màdáámù Thordarson, ń bọ̀ wá wo ibùdó rẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń parí lọ, ó pinnu láti fi ohun kan dá a lọ́jú. Ó ní òun yóò ra ìwọ̀n tuntun, èyí tó tóbi jù lọ láti ibẹ̀ títí dé òkun. Àwọn tó ń ṣe ìwọ̀n ní Fargo, ní North Dakota, ní irin tó fúyẹ́ tó sì lágbára làwọn yóò fi ṣe é.

“Kí lẹ pè mí?” ni Haverstock kígbe lórí fóònù. “Ìwọ̀n fífúyẹ́ fún ọ̀gá tó wúwo? Ẹ fi òkúta sí i. Òkúta dúdú tó ń dán, yípo yípo, kí ẹ sì gbẹ́ orúkọ mi sí i.”

Wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ àárín kún un. Wọ́n fi kún un. Ó ní kí wọ́n fi “Olùṣọ́ Títì, Akínkanjú Ibodè” sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ní àyè ò tó mọ́. Ó ní kí wọ́n fi òkúta kún òkúta. Bó ṣe ń fi oríkì kún oríkì, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ń wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa parí rẹ̀, òtútù ti ń palẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa mọ̀, títí kan ọmọ ọwọ́. Nígbà òtútù, ilẹ̀ amọ̀ wa máa ń dì títí dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹrù tí títì kò lè gbé. Ṣùgbọ́n tí yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, òkè ilẹ̀ á kọ́kọ́ yọ́ nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì dì gbagidi, omi ò sì ní rí ibi gbà. Títì á wá dà bí mọ́ínmọ́ín tí kò jinná: ojú rẹ̀ gan, inú rẹ̀ ń ṣàn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ri àwọn àmì mọ́lẹ̀ létí ọ̀nà lọ́dọọdún pé kí tírélà dín ẹrù kù. Èyí tí kò bá ṣeé dín kù, ìdájí ló ń kọjá, nígbà tí òtútù òru ti mú ojú títì le. Tí oòrùn bá ti gòkè, ẹni tó lọ́gbọ́n á páàkì.

“Ọ̀gá,” ni Odette wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, “kannakánná ti dé láti gúúsù. Omi ti ń sun láti inú sísán títì. Ẹ jẹ́ ká ri àwọn àmì mọ́lẹ̀.”

“Ìwọ̀n mi ti dé bí?”

“Kò tíì dé, ọ̀gá.”

“Tí a bá ri àmì mọ́lẹ̀, ṣé ìwọ̀n mi á lè wọlé?”

“Kò ní lè wọlé, ọ̀gá. Ó wúwo jù.”

“Ta ló wá pàṣẹ fún ìgbà pé kó yí padà?” Ó na ọwọ́ sí rédíò. “Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ o! Èmi, Lorne Haverstock, mo ti sún yíyọ́ yìnyín síwájú di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Títí di ìgbà náà, òtútù la wà.”

Lẹ́yìn náà ni ohùn Abe Wiebe dún, tòun ti ọ̀wọ̀ ńlá.

“Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Ṣé ẹ ti fi tó àwọn kannakánná létí?”

“Ta nìyẹn? Ta ló ń sọ̀rọ̀?”

Láti ibì kan lójú ọ̀nà Morris, ẹnìkan fẹnu sí rédíò, ó ní: “Kwáà!” Ẹlòmíràn dá a lóhùn láti Emerson. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò ju kannakánná lọ.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn ni Mínísítà ń bọ̀. Sukhwant ni wọ́n gbà láti gbé ìwọ̀n náà wá, torí pé ẹrù tó fẹ̀ tó sì wúwo báyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó yá tírélà tí táyà rẹ̀ pọ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. Ọkọ̀ kan ń tan iná yẹ́lò níwájú rẹ̀, òmíràn ń tan an lẹ́yìn. Nígbà tí ìlà-oòrùn fi máa funfun, ó ti dé ìtòsí ibùdó. Títì le koko lábẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ de ìwọ̀n náà ni rédíò pariwo.

“Dúró síbẹ̀!”

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n wọlé báyìí tí ilẹ̀ ṣì le. Tó bá di ọ̀sán—”

“Ọ̀sán ni Mínísítà ń bọ̀. Ṣé o fẹ́ kó bá ìwọ̀n nílẹ̀ bí ìwọ̀n tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ rí i bó ṣe ń wọlé. Ibi tó o wà yẹn gan-an ló dára. Orí rẹ̀ ni n ó dúró sí sọ̀rọ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Tí títì bá fọ́ lábẹ́ mi, láísẹ́ǹsì mi ni wọn yóò gbà. Òun ni mo fi ń jẹun.”

“Èmi, Lorne Haverstock, mo pàṣẹ! Ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ yí táyà títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán!”

Gbogbo awakọ̀ tó wà láàárín Winnipeg àti Fargo ló gbọ́ ọ. Sukhwant pa ẹ́ńjìnnì. Kí ni ì bá ṣe? Ẹni tó bá ṣàìgbọràn sí aláṣẹ ibùdó, láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fọ́ títì ìjọba, láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Odette gbé tíì gbígbóná wá fún un, òun náà sì padà lọ bẹ Ọ̀gá.

“Ọ̀gá, oòrùn òní á mú o.”

“Odette, ṣé o fẹ́ máa pàṣẹ fún oòrùn ni?”

“Rárá o, ọ̀gá. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn.”

Oòrùn tó ràn lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé wọ́n sin ín ní gbèsè ni. Òun ni oòrùn àkọ́kọ́ tó gbóná lọ́dún náà. Gbogbo ìlú jáde wá, wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n na ọrùn sí i. Àwọn ọmọ iléèwé kọrin. Réal kó dónọ́ọ̀tì wá. Lẹ́yìn tírélà ìwọ̀n, àwọn tírélà mìíràn tò gbọọrọ gbọọrọ dé ọ̀nà jíjìn, torí kò sí ọ̀nà mìíràn, Abe Wiebe sì wà níwájú wọn. Mínísítà dé, obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n fún un ní àga ní ìdojúkọ tírélà. Ọ̀gá Haverstock gun àkàsọ̀, ó gun orí òkúta dúdú tó ń dán, ó dúró sórí orúkọ ara rẹ̀, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó wo ìsàlẹ̀. Orí àti fìlà nìkan ló ń rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú rẹ̀ ṣomi.

“Màdáámù Mínísítà ọlọ́lá jù lọ! Ẹ̀yin ará Alder Siding tí orí yín gbe yín débi tí mo wà! Mi ò ní pẹ́ o.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, tí olórí kan bá ti ní òun ò ní pẹ́, ẹ wá nǹkan jókòó lé.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí baba ńlá rẹ̀ tó kọ́kọ́ fi ẹṣin wọ ilẹ̀ wa. Ó sọ ìtàn òṣùwọ̀n láti ìgbà Nóà, ó ní bí kì í bá ṣe ìwọ̀n ni, ọkọ̀ Nóà ì bá rì. Nígbà tó fi máa dé orí ìgbà èwe ara rẹ̀, omi kékeré kan ti yọ létí táyà tó wà lẹ́yìn. Sukhwant rí i. Ó nawọ́ sókè. Ọ̀gá rò pé ó ń kí òun ni, ó ju ọwọ́ sí i padà.

“Ibi tí mo dúró sí yìí,” ni Ọ̀gá ń wí, “ẹnikẹ́ni ò lè yẹ̀ mí kúrò níbẹ̀!”

Títì ní “kẹ̀ẹ̀,” jẹ́jẹ́. Tírélà wọlẹ̀ díẹ̀. Àwọn ará ìlú ní “Hàà!” Ọ̀gá gbọ́ “Hàà” yìí, àyà rẹ̀ wú. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí iwájú orí wọn níbi tó ti ń rí fìlà tẹ́lẹ̀. Ó wí fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun mà wọ̀ wọ́n lára o, wọ́n ti ń gbórí sókè.

“Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹ óò rí i pé ipò mi ń yí padà!”

Gbogbo wọn rí i. Táyà ti wọlẹ̀ dé ìdajì. Ọmọ iléèwé kan bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ rẹ̀ di ẹnu ọmọ náà, lẹ́yìn náà ó di ẹnu ara rẹ̀. Ọ̀gá wá ń rí ojú wọn kedere, gbogbo wọn sì lajú rekete. Ó rò pé wọ́n ń dìde fún òun ni.

“Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Àwọn kan máa ń wí pé Haverstock fẹ́ràn òkè. Irọ́ ni! Kì í ṣe òkè ni mo ń wá. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, kí n sún mọ́ àwọn ènìyàn mi!”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Odette ti wá síwájú, ó na ọwọ́, ó fa ṣòkòtò Ọ̀gá. Láàárọ̀, àkàsọ̀ ló fi gòkè síbẹ̀. Nísinsìnyí, obìnrin kúkurú ń fa ṣòkòtò rẹ̀ láti ilẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ wo ilẹ̀.”

“Odette, má dá mi lẹ́nu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.”

Bó ti wí bẹ́ẹ̀ tán ni títì fọ́ gbàù. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tú síta, ẹ̀gbẹ́ kan tírélà jókòó sínú amọ̀, òkúta dúdú tó ń dán náà dagun. Ó dán jù. Ọ̀gá Haverstock fìdí jókòó, ó yọ̀ wálẹ̀ lórí orúkọ rẹ̀, ó kọjá orí orúkọ àárín, ó kọjá lórí “Olùṣọ́ Títì,” ó kọjá lórí “Akínkanjú Ibodè,” ó gúnlẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ Mínísítà nínú ẹrẹ̀, tòun ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́.

“... ẹ ṣeun,” ló wí.

Mínísítà wò ó. “Ọ̀gá Haverstock, àwọn àmì ìgbà yíyọ́ yìnyín dà? Mi ò rí ẹyọ kan láti Winnipeg wá.”

Ẹ̀rù gbígbàgbé, kápẹ́ẹ̀tì nínípọn, gbogbo rẹ̀ sáré kọjá lójú Haverstock. Ó nàka sí Sukhwant.

“Òun ni! Awakọ̀ yìí ni! Ó gbé ẹrù wíwúwo dúró lójú títì lọ́sàn-án gangan!”

Ọkàn Sukhwant rẹ̀wẹ̀sì. Gbogbo ọdún tó fi wakọ̀ láìfarakan igi, láìtẹ ajá pa, ṣé ibi tí yóò já sí rèé? Inú ń bí mi títí di òní bí mo bá rántí ìka yẹn.

Ohùn rédíò ló dáhùn. Abe Wiebe ti sọ wíńdò ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó yí ohùn rédíò sókè dé òpin, ó sì fi ohùn tó jọ ti Ọ̀gá gan-an sọ̀rọ̀, tòun ti bó ṣe máa ń fimú fẹ́: “Èmi, Lorne Haverstock, mo pàṣẹ!”

Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á: “Ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ yí táyà!”

Gbogbo àwọn yòókù, láti iwájú dé ẹ̀yìn, pa á pọ̀ bí ègbè orin: “Títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán!”

Mínísítà yíjú sí Odette. “Ṣé bó ṣe wí nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màdáámù. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní ṣé mo fẹ́ máa pàṣẹ fún oòrùn ni.”

“Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara yín, ẹ tẹ fèrè.”

Ẹ ò tíì gbọ́ fèrè rí. Fèrè tírélà tó ń dún láti Alder Siding débi tí ojú ò tó. Àwọn kannakánná fò kúrò lórí igi. Sukhwant náà gun ọkọ̀ rẹ̀ tó dagun, ó tẹ tirẹ̀, ó sì ń nu ojú.

Mínísítà kò sọ púpọ̀. Ó ní kí Odette gba kọ́kọ́rọ́ ibùdó láti ìsinsìnyí lọ, pé ọ̀rọ̀ Kọmíṣọ́nà, kí wọ́n má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ lẹ́yìn òní. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n bí òun yóò ṣe délé, torí ọkọ̀ òun wà ní òdìkejì ibi tí títì ti fọ́.

Ní ilẹ̀ wa, èèyàn kì í fi ẹni tó rì sílẹ̀ lọ. Bó jẹ́ ọ̀tá rẹ ló rì, kọ́kọ́ fà á jáde, kí ẹ tó wá jà. Abe kó ṣéènì rẹ̀ jáde, àwọn yòókù kó tiwọn jáde. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe títí òtútù ìdájí yóò fi padà mú ilẹ̀ le. Ni gbogbo wọn bá jókòó jẹun: sọ́séèjì láti ilé Abe, parátà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, láti ilé Sukhwant, dónọ́ọ̀tì Réal. Mínísítà jẹ parátà méjì.

Níbo ni Haverstock wà? Ó ti fi ọwọ́ àti orúnkún gun orí òkúta rẹ̀ padà. Ó jókòó síbẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nu ẹrẹ̀ kúrò lára orúkọ rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹnikẹ́ni ò ní kó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ojú ọ̀run tún funfun, tí wọ́n ti so gbogbo ṣéènì tán, Sukhwant rìn lọ bá a.

“Ọ̀gá, ẹ sọ̀kalẹ̀.”

“Èmi? Kí ni mo ṣe? Mo kàn jókòó ni.”

“Ohunkóhun tó bá wà lórí ọkọ̀, ẹrù ni,” ni Sukhwant wí, kò sì fi ṣẹ̀sín. “Bó bá gun orí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹrù ni.”

Haverstock sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, bàtà dídán náà wọ ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó sọ ìkejì kalẹ̀. Sukhwant na ọwọ́ dì í mú kó má ṣubú. Lẹ́yìn náà, àwọn ọkọ̀ fà, ṣéènì na tantan, tírélà mì, ó sì jáde.

A kò ri ìwọ̀n náà mọ́lẹ̀. Odette ní èyí tó wà nílẹ̀ ṣì ń sọ òtítọ́. Wọ́n tú àwọn òkúta rẹ̀, Réal bẹ̀bẹ̀ fún èyí tí orúkọ wà lára rẹ̀, òun ló fi ṣe àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ra kófí ní Alder Siding lónìí láìtẹ Akínkanjú Ibodè mọ́lẹ̀. Ní ti Haverstock, Mínísítà kò lé e. Ó ní níwọ̀n bí ọkùnrin náà ti ní àṣẹ lórí ìgbà, kó máa ṣọ́ ọ. Wọ́n fún un ní mótò kékeré kan, òòlù, àti àwọn àmì, kó máa wo omi inú kòtò àti sísán títì, kó sì ri àmì mọ́lẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó.

Nígbà tí yìnyín yọ́ ní ọdún tó tẹ̀lé e, Sukhwant ń gbé ẹ̀rọ ìkórè ńlá kan bọ̀ láti Fargo ní ìdájí. Ó rí ọkùnrin kan tó dúró létí ọ̀nà pẹ̀lú bàtà rọ́bà, tó ń fi gìgísẹ̀ tẹ ọ̀dà wò. Sukhwant dẹ ẹsẹ̀ lórí iná, ó sọ wíńdò kalẹ̀.

“Lábẹ́ ojú yín la wà, Ọ̀gá,” ló wí, “ẹ wọ̀n wá.”

Àyà Haverstock wú. Mo mọ̀ pé ó wú, torí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ ró. Ó na ọrùn, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó la ẹnu bíi ti àtijọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni etí oòrùn yọ lẹ́yìn àká ọkà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó wo oòrùn. Ó wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ táyà Sukhwant. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ máa kọjá lọ, Arákùnrin Sukhwant,” ló wí. “Ẹ tètè kọjá. Ilẹ̀ ò ní dúró gbọ́ ọ̀rọ̀.”